Páàsì rélùwéè Yúróòpù àbí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan: bí a ṣe ń ṣírò èyí tó sàn

Ẹni tó bá ti mọ ọjọ́ tó máa rìn láti oṣù méjì ṣáájú, tí ìrìn rẹ̀ kò sì ju ọ̀nà jíjìn méjì tàbí mẹ́ta lọ, kó má ra páàsì. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì lọ sùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè ìbéèrè yìí ló wà nípò yẹn, ìdáhùn tiwọn ti parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Páàsì tí à ń wí ni èyí tó ń jẹ́ kéèyàn san owó lẹ́ẹ̀kan, kó wá máa wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri orílẹ̀-èdè 33 ní Yúróòpù. Orúkọ méjì ló ń jẹ́, Interrail àti Eurail, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn èèyàn wa ti máa ń kọ́kọ́ ṣìnà.

Èwo ni tiyín?

Àwọ̀ ìwé ìrìnnà kọ́ ni wọ́n ń wò, ibi tí ẹ ń gbé ni: Interrail fún ẹni tó ń gbé ní Yúróòpù, Eurail fún ẹni tó ń gbé níta rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣùgbọ́n tó ní ìwé ìgbélùú, tó ń gbé ní Peckham, Interrail ni tirẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ṣùgbọ́n tó ti padà wá ń gbé ní Ìbàdàn, Eurail ni tirẹ̀. Ará Houston náà, Eurail ni.

Owó àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Interrail kò jẹ́ kí ẹ fi páàsì rìn káàkiri orílẹ̀-èdè tí ẹ fi ṣe ilé: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbà yín láyè láti fi jáde, ẹ̀ẹ̀kan láti fi wọlé. Ará Manchester lè fi páàsì rẹ̀ wọ ọkọ̀ dé London, kó wọ Eurostar (ọkọ̀ ojú irin asáré láti London lọ sí Paris) lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ ìrìn kan ṣoṣo ni wọ́n á kà fún un. Ṣùgbọ́n kò lè fi lọ kí àǹtí rẹ̀ ní Leeds kó tún padà. Ẹni tó mú Eurail wá láti Èkó kò ní ìdènà yìí, ó sì lè rí èrè ńlá lára rẹ̀ ní Ìlú Ọba, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Ọjọ́ ni wọ́n ń tà fún yín, kì í ṣe ọ̀nà. Iye tí wọ́n tà á fún ìjókòó onípò kejì ní 2025 nìyí:

| Ọjọ́ ìrìn | Àgbà (28–59) | Ọ̀dọ́ (12–27) | Ọjọ́ kan fún àgbà |
|---|---|---|---|
| 4 láàárín oṣù kan | €283 | €212 | bí €71 |
| 5 láàárín oṣù kan | €318 | €239 | bí €64 |
| 7 láàárín oṣù kan | €381 | €286 | bí €54 |
| 10 láàárín oṣù méjì | €447 | €335 | bí €45 |

Ẹni tó ti pé 60 ọdún ń rí ẹ̀dínwó bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó àgbà. Owó náà máa ń yí lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń ta á ní ẹ̀dínwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ wo iye tó wà níta kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Òpó tó kẹ́yìn nínú àtẹ yẹn, iye ọjọ́ kan, ni kí ẹ mú lọ sílé. Ọjọ́ ìrìn kan bẹ̀rẹ̀ ní òru ganjọ́, ó sì parí ní òru ganjọ́ kejì. Láàárín rẹ̀, ẹ lè wọ ọkọ̀ mẹ́fà bí ẹ bá fẹ́. Ẹni tó wá lo ọjọ́ tó ná an ní €54 láti fi lọ láti Firenze sí Pisa, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju bí €10 lọ, dà bí ẹni tó san owó àjẹyó nílé oúnjẹ tó wá jẹ àkàrà méjì. Irú ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó ọwọ́ yín san án, kí ẹ tọ́jú ọjọ́ páàsì fún ọ̀nà jíjìn.

Ta ni páàsì ń bá díje?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìṣirò ni pé èèyàn á mú owó páàsì, á fi wé tíkẹ́ẹ̀tì tó gbówó jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ní páàsì ti jàre. Ẹlòmíràn á fi wé èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, á ní jìbìtì ni páàsì. Bẹ́ẹ̀ rélùwéè Yúróòpù ń ta ọjà kan náà ní iye méjì bíi ti ọkọ̀ òfuurufú: iye ẹni tó tètè rà, àti iye ẹni tó dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ wo Jámánì. Láti Berlin sí München, Super Sparpreis, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì àràsílẹ̀ tó dè yín mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, lè bẹ̀rẹ̀ láti bí €18. Flexpreis ojú ọ̀nà kan náà, èyí tó jẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ tó bá wù yín lọ́jọ́ náà, lè ju €150 lọ. Ọkọ̀ kan náà ni, ìjókòó kan náà. Ohun tí páàsì ń fún yín ni òmìnira Flexpreis, òun ló sì yẹ kí ẹ fi wé e. Bí ẹ kò bá nílò òmìnira náà, Super Sparpreis tí ẹ tètè rà sábà máa ń borí páàsì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn kan dán an wò. Ẹnì kan bá ọkọ̀ òfuurufú dé Frankfurt láti Èkó. Ó fẹ́ lọ sí Berlin, Praha, Wien, Zürich, kó padà sí Frankfurt: ọjọ́ ìrìn márùn-ún. Páàsì àgbà jẹ́ €318. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà yìí tó pọn dandan kó san owó ìjókòó lé e lórí. Bó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì márààrún ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, tó sì rí wọn ní bí €30 sí €40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ á wà láàárín €150 àti €200. Bó bá ń rà á lọ́jọ́ tó fẹ́ rìn, ó máa ń kọjá €400.

Nítorí náà àgbà tó ti mọ ọjọ́ rẹ̀ á pàdánù lórí páàsì. Èyí tí físà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú, tí kò lè dá ọjọ́, á jèrè. Ọmọ ọdún 25 ńkọ́? €239 ni yóò san. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti tíkẹ́ẹ̀tì àràsílẹ̀ kò ju bí €40 sí €90 lọ, pẹ̀lú òmìnira láti sọ pé "mo fẹ́ sùn ní Praha lálẹ́ òní sí i." Ní tiwa, ọ̀dọ́ tó bá ń gba àárín Yúróòpù kọjá kò nílò ìṣirò púpọ̀: kó ra páàsì. Ọjọ́ orí tó wà ní ọjọ́ tí páàsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, nítorí náà ẹni tó fẹ́ pé 28 lóṣù tó ń bọ̀, kó má fi ṣòfò.

Owó ìjókòó: ibi tí páàsì ti ń jò

Ní Jámánì, Austria, Switzerland, Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀m, ẹni tó ní páàsì sábà máa ń wọ ọkọ̀ lásán ni, láìsan kọ́bọ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ ìjókòó tó dájú nínú ICE, ọkọ̀ asáré Jámánì, €5.50 ni, ó sì tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èrò máa ń dúró kún àárín ọkọ̀.

Faransé, Ítálì àti Sípéènì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ asáré wọn kò gba ẹni tí kò ní ìjókòó tí a dá orúkọ mọ́, páàsì nìkan kò sì tó. TGV inú Faransé máa ń gba €10 tàbí €20. Frecciarossa Ítálì ń gba bí €13. AVE Sípéènì náà ń gba tirẹ̀, ìlànà rírà á sì máa ń gba àkókò ju ti àwọn yòókù lọ. Eurostar láàárín London àti Paris ló wọ́n jù, bí €30 sí €35 ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ bá ra ìjókòó wọ̀nyí láti orí ìkànnì Interrail fúnra rẹ̀, wọ́n tún ń fi owó iṣẹ́ lé e.

Owó yẹn kì í tilẹ̀ ṣe wàhálà tó burú jù. Eurostar ní iye ìjókòó tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn onípáàsì nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyẹn bá ti tán, ó tán, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ṣófo ìdajì. Nígbà ooru Yúróòpù (oṣù Kẹfà sí Kẹjọ) àti ìparí ọ̀sẹ̀ ó máa ń yá tán. Ẹni tó ra páàsì kó lè máa rìn bó ṣe wù ú, tó wá rí i pé òun gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ Eurostar ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, ti san owó òmìnira láìrí òmìnira. Ìlànà tó dáa ni kí ẹ wo ìjókòó onípáàsì kí ẹ tó ra páàsì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fi ìrìn kejì wé ti Frankfurt: London, Paris, Lyon, Paris, London. Páàsì ọjọ́ mẹ́rin, €283. Eurostar lẹ́ẹ̀mejì, €60 sí €70. TGV lẹ́ẹ̀mejì, €20 sí €40. Ó di €363 sí €393. Bí ẹ bá tètè rà á, Eurostar lè wá láti £39 ní ẹ̀ẹ̀kan, TGV tàbí Ouigo (ọkọ̀ asáré olówó pọ́ọ́kú tí kì í gba páàsì rárá) lè wà ní €25 sí €45. Ó ṣòro kí gbogbo rẹ̀ tó €250. Páàsì pàdánù, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn.

Ọ̀nà wà láti yẹra fún owó ìjókòó bí ẹ bá ti ní páàsì lọ́wọ́. Ọkọ̀ agbègbè, ìyẹn TER ní Faransé àti Regionale ní Ítálì, kò ń béèrè ìjókòó. Intercity Ítálì ń gba bí €3 péré. Àkókò ni ẹ ó fi san án: Paris sí Lyon tó jẹ́ wákàtí méjì nínú TGV máa ń tó bí wákàtí márùn-ún nínú TER. Ẹni tó fẹ́ wo oko àti odò kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó ní ìpàdé, kó fi í sílẹ̀. Ẹ rántí pé Italo, tó ń bá Frecciarossa díje, kò gba páàsì yìí. Ìdíje àwọn méjèèjì náà ló fà á tí owó tíkẹ́ẹ̀tì àràsílẹ̀ fi kéré ní Ítálì, bí Ouigo àti Iryo, tó ń bá AVE díje, náà ṣe jẹ́ kó rí ní Sípéènì. Páàsì tó jẹ́ ti Ítálì nìkan tàbí ti Sípéènì nìkan, a kò rí ẹni tó yẹ kó rà á àyàfi ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò dúró rárá.

Bí ọmọ bá wà nínú rẹ̀

Ọmọ ọdún 4 sí 11 ń gba páàsì ọ̀fẹ́, ọmọ méjì fún àgbà kan. Kò pọn dandan kí àgbà náà jẹ́ òbí. Bùrọ̀dá, àǹtí tàbí màmá àgbà lè mú wọn dání. Ọmọ tí kò tíì pé 4 kò nílò páàsì, ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ ni yóò jókòó sí. Páàsì ọmọ kì í wá fúnra rẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ fi í kún ohun tí ẹ ń rà ní àkókò kan náà pẹ̀lú ti àgbà. Ẹni tó gbàgbé èyí ti mú ọmọ rìn láìní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀fẹ́ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ọmọ onípáàsì ọ̀fẹ́ ṣì ń san owó ìjókòó. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì nínú Eurostar: ìjókòó mẹ́rin, ó kéré tán €120 ní lílọ, €120 ní bíbọ̀. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé 15 lè bá àgbà rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì lásán náà, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sórí rẹ̀ nígbà tí ẹ ń rà á. Níbẹ̀, ọ̀fẹ́ tí páàsì fún yín kì í ṣe èrè kankan. Austria ló ti máa ń hàn dáadáa pé páàsì gbe ìdílé, nítorí ọmọ ọdún 6 sí 14 ń san ìdajì owó níbẹ̀.

Àwọn tó ń bá a díje tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ

Bí gbogbo ìrìn yín bá wà nínú Jámánì, tí ẹ kò sì kánjú, ẹ wo Deutschlandticket kí ẹ tó wo ohunkóhun. €49 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023, ó di €58 ní oṣù Kìíní 2025, ó sì di €63 ní oṣù Kìíní 2026. Fún odindi oṣù kan, ó gbé yín nínú ọkọ̀ ojú irin agbègbè, bọ́ọ̀sì, U-Bahn (ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ inú ìlú) àti tírámù ní gbogbo Jámánì. Kò gbé yín nínú àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn: ICE, IC tàbí EC. Ewu rẹ̀ ni pé oṣooṣù ló ń tún ara rẹ̀ rà: bí ẹ kò bá fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù, wọ́n á tún yọ owó oṣù tó tẹ̀ lé e. Páàsì Interrail kì í gbé yín nínú U-Bahn ní tirẹ̀, S-Bahn (ọkọ̀ ojú irin ìlú àti àyíká rẹ̀) nìkan ló gbà.

Switzerland jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Interrail gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba tírámù inú ìlú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí òkè náà kò sì sí nínú rẹ̀. Swiss Travel Pass (244 fráǹkì fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, 419 fún mẹ́jọ, ní 2025) fi ọkọ̀ ojú omi, tírámù àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lé ní 500 kún un. Káàdì ìdajì owó, Half Fare Card, jẹ́ 120 fráǹkì lọ́dún kan náà, ó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ rà bá ju ìlọ́po méjì owó káàdì náà lọ ní owó kíkún, káàdì náà ti san ara rẹ̀. Ohun tó máa ń yí ìdájọ́ padà ni òkè. Swiss Travel Pass ń gé ìdá kan nínú mẹ́rin péré kúrò lára owó ìgòkè Jungfraujoch. Káàdì ìdajì ń gé ìdajì. Ẹni tó ń lọ torí òkè, kó ra káàdì. Ẹni tó ń sún láti ìlú dé ìlú lójoojúmọ́, tó tún fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, kó ra páàsì Switzerland.

Ní Ìlú Ọba, Railcard kan jẹ́ £35 láti oṣù Kẹta 2025, ó ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta owó kúrò fún odindi ọdún. Àlejò láti Nàìjíríà náà lè rà á. Two Together wà fún àwọn méjì tó ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ ṣáájú aago 9:30 àárọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Family & Friends gé ìdá kan nínú mẹ́ta fún àgbà, ó sì gé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ. Ibi tí Eurail ti ń tàn níbẹ̀ ni òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́: tíkẹ́ẹ̀tì lílọ nìkan láti London sí Manchester, èyí tí kò dè yín mọ́ ọkọ̀ kankan, lè lé ní £180. Ọjọ́ páàsì tó ná yín ní €54 gbé yín dé ibẹ̀, ó sì tún gbé yín padà lálẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Páàsì orí fóònù ló wọ́pọ̀ nísinsìnyí, nínú áàpù Rail Planner. Ẹ óò fi páàsì sínú rẹ̀, ẹ óò mú ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ óò fi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kún ìrìn yín *kí ẹ tó wọ̀ ọ́*, kó lè yọ àmì QR ọjọ́ náà. Ẹni tó wọkọ̀ tán kó tó máa wá íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Áàpù náà gbọ́dọ̀ bá íntánẹ́ẹ̀tì pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwé ìrìnnà mu, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé pówà báǹkì dání.

Ọkọ̀ alẹ́ ni ọ̀nà tó dára jù láti fa ọjọ́ páàsì gùn. Ọkọ̀ tó gbéra lálẹ́ ọjọ́ Ajé tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n kà, bí ẹ kò bá wọ ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn òru ganjọ́. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tí ẹ sì wọ ọkọ̀ agbègbè kékeré kan láti dé hòtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ kejì ti lọ nìyẹn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kékeré fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì inú Nightjet, ọkọ̀ alẹ́ ti Austria, ní owó tirẹ̀ lórí páàsì.

Fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, páàsì kò ṣí ẹnubodè kankan. Switzerland wà nínú Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà), Croatia wọ̀ ọ́ ní oṣù Kìíní 2023, Romania àti Bulgaria wọ̀ ọ́ tán ní oṣù Kìíní 2025. Serbia, Bosnia àti Tọ́kì kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìlú Ọba àti Ireland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páàsì gba gbogbo wọn. Ẹni tí físà Schengen rẹ̀ jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá ti Paris yà sí London, kò lè padà sí Paris. Ẹ má sì ṣe fi ọjọ́ sí páàsì nínú áàpù kí físà tó jáde: èyí tí wọn kò tíì mú ṣiṣẹ́ ṣì ṣeé dá padà gba owó, wọ́n á yọ díẹ̀ lórí rẹ̀; èyí tí ẹ rà ní àkókò ẹ̀dínwó sì sábà máa ń jẹ́ àlọ-ì-bọ̀, nítorí náà ẹ ka àdéhùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.